Oògùn Méjì Lẹ́sẹ̀ Kóòṣì

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Gbọ́lágadé Ilésanmí gun mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀.

Kò dùn ún. Kò wú. Kò rọ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Ó kàn kọ̀ ni, bí ẹṣin tó rí ejò lójú ọ̀nà. Ó ní kí ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, kò gbéra. Ó gbé àpótí rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì bí ẹni tó ń sinmi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó wà lẹ́yìn, àmọ́ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ wọnú ṣòkòtò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1969. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Port Harcourt, ilẹ̀ wọ́ọ̀fù sì ń tàn bí awọ ẹja.

"Ọ̀gá, ẹ máa gòkè nítorí Ọlọ́run!" obìnrin kan tó gbé adìẹ dání pariwo mọ́ ọn.

Ó fẹ́ gòkè. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ láyé. Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà n'Ìbàdàn pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méje tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Ilé ìwé gíga kan níbẹ̀ sì ti kọ̀wé sí i pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n lókè. Ó ti gba páàsì lọ́wọ́ ológun. Ó ti dágbére fún gbogbo ènìyàn.

Nígbà tó yá, alárù méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó tún kọjú sí ọkọ̀, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ẹsẹ̀ tún kọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè rẹ̀ tó ń lọ, Gbọ́lágadé gbójú sókè, ó rí Nùrẹ́nì Adégbóyèga, akọ̀wé tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, tó dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Nùrẹ́nì kò fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ó retí pé ọkùnrin náà á máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀.

*

Ìparí oṣù kejì ọdún náà ni Gbọ́lágadé dé ìlú yìí, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan lẹ́bàá Trans-Amadi tún ṣílẹ̀kùn. Ogun ṣì ń jà lókè lọ́hùn-ún. Ilé tó ṣófo pọ̀ ju ilé tó ní ènìyàn lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì wà káàkiri tí wọn kò níṣẹ́ kankan ju kí wọ́n máa wo ọkọ̀ ológun tó ń kọjá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ga bí igi àgbọn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó wo nǹkan. Ó hú òpó wáyà méjì tó ti wó, ó rì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ gé etí àgbá epo, ó fi ṣe òrùka àwọ̀n. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní gbogbo Sátidé, á tún gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, á lọ kọ́ àwọn ọmọ Elekahia láàárọ̀, á sì lọ kọ́ àwọn ti Amadi-Ama létí omi ní ọ̀sán. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba aládùúgbò láti kí aládùúgbò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó wọn jọ. Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́. Kóòṣì ni.

Balógun ẹgbẹ́ náà ni Boma, ọmọ ogún ọdún, tó lè fò débi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi ń kan òrùka. Ìyá rẹ̀, Comfort, ni olórí alásè kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ Ìlàjẹ ni obìnrin yìí, apẹja Amadi-Ama kan ló fẹ́ ẹ wá síbẹ̀ kí ọkọ náà tó kú. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí wọ aṣọ ológun apá kan, èkejì wọ ti apá kejì, kò sì rí òkú ẹnìkankan nínú wọn sin. Boma ló kù. Kí Kóòṣì tó dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Boma ti lọ tò síwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ọmọ ogun, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ lọ fà á kúrò lórí ìlà, tó ń yí nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló wá gbà á lọ́wọ́ ìbọn. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni Comfort ń gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja fún Kóòṣì fúnra rẹ̀, tí á dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán.

Nínú oṣù karùn-ún, kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ẹgbẹ́ wọ́ọ̀fù gbá. Nùrẹ́nì ló dá ẹgbẹ́ wọ́ọ̀fù sílẹ̀. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù náà l'Ékòó nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbà pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ní ìlú yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fi àmì mọ́kànlélógójì na mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n kéde pé Gbọ́lágadé ni yóò máa darí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Nùrẹ́nì pàtẹ́wọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́ títí tí àwọn yòókù fi dákẹ́.

*

Ọ̀sán gangan ni Nùrẹ́nì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bashiru ní Diobu. Onígbàjámọ̀ ni Bashiru. Ó tẹ̀ lé àwọn sójà láti ìwọ̀ oòrùn wá, ó ń fá orí wọn, ó sì ń ta òǹdè tí wọ́n ń so mọ́ra kí ìbọn má bàa wọ̀ wọ́n. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Port Harcourt tí kì í gbé orí fún un.

"Bàbá, mi ò fẹ́ kó kú," ni Nùrẹ́nì wí.

"Bí gbogbo yín ṣe ń sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Bashiru ń pọ́n abẹ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Kó ṣáà kúrò ní ìlú yìí. Kó má lè gbé e. Kí ilé máa lé e, kí ọ̀nà máa pè é."

Bashiru ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ àga, ó ṣí i. Bébà kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n ká wọn, wọ́n sì fi òwú dì wọ́n. Ó wá wọn títí ó fi rí ọ̀kan, ó tú u. Irun dúdú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ *Kóòṣì* sára bébà náà.

Ó da irun sórí ẹyin iná, ó bu ẹ̀tù lé e, ó fẹnu kan atare. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èéfín kì í bá onílé gbélé. Bí iná bá ti ràn, èéfín a bá ojú fèrèsé jáde. Gbọ́lágadé, èéfín ni ọ́. Bá ojú fèrèsé jáde. Jáde, má bojú wẹ̀yìn."

Iná náà bú, ó di àwọ̀ ewé. Nùrẹ́nì yíjú kúrò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú agolo. Bébà kan wà lókè pátá tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí.

"Kí lẹ ń fi irun tèmi ṣe?"

Bashiru ti ìdérí agolo. "Kò tíì sẹ́ni tó béèrè ẹ," ó ní.

*

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé Kóòṣì gbóná. Inú òjò oṣù kẹfà, nígbà tí aṣọ àwọn ènìyàn kì í gbẹ lórí okùn, ògiri yàrá rẹ̀ ń jó ọwọ́. Ó ń gbọ́ òórùn irun tó ń jóná. Ó pe aládùúgbò wọlé, aládùúgbò fi imú fa afẹ́fẹ́, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ibùsùn ò ṣeé sùn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Ìta nìkan ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, pàápàá bó bá kọjú sí ojú ọ̀nà tó jáde nílùú.

Inú oṣù keje ni lẹ́tà ilé ìwé gíga Ìbàdàn dé. Kò kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà Rónkẹ́ dé: oyún náà ti dúró, dókítà ní kó máa sinmi, ṣé ọkọ òun kò ní í wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá bímọ? Gbọ́lágadé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó rò pé gbogbo ooru náà, ìpè ni.

Comfort ló kọ́kọ́ sọ fún, ní ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"O máa lọ pátápátá?" obìnrin náà béèrè.

"Màmá Boma, ọdún méje la fi wá ọmọ yìí."

"Ọlọ́run á sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ láyọ̀, ọma mi." Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. Ó bu ọbẹ̀ kún abọ́ rẹ̀. "Boma ńkọ́?"

"Boma ti di ọkùnrin. Á dúró fúnra rẹ̀."

Comfort dúró tì í títí tó fi jẹun tán.

Lọ́jọ́ kejì, bàtà kánfáàsì òsì rẹ̀ sọnù lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé ajá ló gbé e.

*

Lẹ́yìn ìtìjú ti wọ́ọ̀fù, ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ilé náà ṣì ń gbóná, ṣùgbọ́n omi ti wọ inú ooru náà. Bó bá dé láti pápá lọ́sàn-án, á bá ojú ẹsẹ̀ tútù nílẹ̀ yàrá tó fi kọ́kọ́rọ́ tì, ẹsẹ̀ kékeré bíi ti obìnrin, tó yí ibùsùn rẹ̀ ká. Kò sí èyí tó jáde nínú wọn. Alákàn wá láti etí omi, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n tò sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n ń wò ó. Bó bá gbá wọn jáde láàárọ̀, wọn á ti padà lọ́sàn-án.

Ó gbìyànjú ọ̀nà ilẹ̀. Ó bá ọkọ̀ ológun lọ, bóyá wọ́n á lè gbé e dé ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbéra. Bí wọ́n ti kọjá Eliozu tó wà létí ìlú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tutù dé orúnkún bí ẹni wà nínú odò, àyà rẹ̀ sì ń gbóná bí ààrò. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní imú rẹ̀. Dírẹ́bà yí ọkọ̀ padà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú oṣù kẹsàn-án, Boma àti mẹ́ta nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ibùsùn aláìsàn gbé e, wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀ Èkó. Ó sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà kọ̀, kò fà. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi ń fà á. Ẹnjíìnì ń ké, ṣéènì ń dún, omi kò mì. Àwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀.

"Oga, no vex," ọ̀kan wí. "Make you come down."

Bí wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀, ìdákọ̀ró fò sókè fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀gákọ̀ tó gbà kó tẹ ọkọ̀ òun mọ́.

Ó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá àgbà ní inú àwọn dùn pé kò lọ. Àwọn ọmọ Amadi-Ama jó yí i ká, wọ́n ń kígbe "Kóòṣì don come back!" Ó dúró láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo òkè orí wọn bí ẹlẹ́wọ̀n tó ń wo ojú fèrèsé. Ó ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà fò padà sí ọwọ́ rẹ̀, kò sì dún rárá.

*

"Ó yẹ kó ti lọ láti oṣù kẹjọ." Nùrẹ́nì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù Bashiru, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn. "Èmi fúnra mi ni mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Àyè tó dára jù ni mo fún un! Kí ló dé tí kò lọ?"

Bashiru bu eérú díẹ̀ láti ojú iná ọjọ́sí, ó nà án sí Nùrẹ́nì. "Ẹ fọwọ́ kàn án."

Eérú náà tutù. Nígbà tí Nùrẹ́nì fi ìka lá a, iyọ̀ ni, bí omi òkun.

"Ẹnìkan ń dì í mú," Bashiru wí. "Èmi ń tì í jáde, ẹni náà ń fà á sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni náà le. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n rà lọ́jà."

"Ẹ dá tiyín dúró, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi." Onígbàjámọ̀ náà gbọn eérú ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọ̀gá Nùrẹ́nì, bí ènìyàn méjì bá ń fa okùn, tí okùn náà bá já, ẹni tó ń fà nìkan kọ́ ló ń ṣubú."

*

Tẹligíráàmù dé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá. RÓNKẸ́ TI WÀ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN. Ó LE. MÁA BỌ̀.

Gbọ́lágadé kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn láti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé wọ́ọ̀fù láìdúró, ó wọ inú ọ́fíìsì, ó di Nùrẹ́nì ní kọ́là mú lójú gbogbo akọ̀wé.

"Tú mi sílẹ̀!" Gbọ́lágadé pariwo.

"Kóòṣì, fi mí..."

"Mo fi ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Mo fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Máa gbé gbogbo rẹ̀! Ìyàwó mi ń kú lọ. Nùrẹ́nì, mo bẹ̀ ọ́, tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀!"

Nùrẹ́nì bú sẹ́kún. "Èmi kọ́! Kí o lọ ni mo fẹ́! Mo fẹ́ kí o lọ láti oṣù karùn-ún, mo wá ẹni tó lé ọ, òun ló ń jó ọ nínú ilé. Ṣé mo wá lè lé ọ tán kí n tún dì ọ́ mú? Kóòṣì, ẹni tó dè ọ́, kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Lọ wá a láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ."

Ọwọ́ Gbọ́lágadé bọ́ kúrò ní kọ́là náà.

Ó jáde, ó dúró nínú oòrùn. Ó ka àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní Port Harcourt. Wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó rántí ojú ẹsẹ̀ kékeré tó tutù, ó sì rántí obìnrin kan tó máa ń dúró tì í títí ó fi jẹun tán.

*

Omi ti fà nígbà tó dé Amadi-Ama. Ilé Comfort dúró lórí òpó lókè ẹrọ̀fọ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń hó lára páànù. Obìnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọ ìṣáwùrú nínú ìkarahun. Ó wo ojú rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Jókòó. O ò tíì jẹun."

"Mi ò ní í jẹ. Màmá Boma, ṣé ẹ̀yin lẹ dè mí?"

Ó lè sẹ́. Ta ni ìbá jiyàn? Ó ní, "Èmi ni."

Ó mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilé. Lára òpó àárín, níbi tí ìkún omi ń dé, ohun kan wà tó tóbi bí orí ènìyàn. Ìṣáwùrú ló bò ó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, láàyè, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Láàárín wọn, Gbọ́lágadé rí okùn funfun bàtà kánfáàsì.

"Ìṣáwùrú kì í fi òkúta sílẹ̀," obìnrin náà wí, bí ẹni ń sọ orúkọ òkú. "Odò ì báà kún, odò ì báà fà. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí Boma bá ń bẹ lórí ilẹ̀ yìí, kí ìwọ náà má kúrò lórí rẹ̀. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ ìbọn. Bí o bá lọ, ta ni á gbà á?"

"Ẹ tú u."

"Mo ti gbìyànjú, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ ọ́. Mo rí ojú rẹ, àánú ṣe mí. Mo fi ọ̀bẹ gé e. Ọ̀bẹ ló ṣẹ́." Ó nà ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ojú ọgbẹ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́, kò tíì jinná. "Àfi bí Boma bá kúrò níbí. Òun ni ìdè náà."

Pákó dún lókè. Boma ti dúró lórí àtẹ̀gùn, aṣọ bọ́ọ̀lù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́.

"It's okay," ó ní. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ jù. "Wọ́n ń gba ọmọ ogun lọ́la. Màá lọ tò. Bí mo bá lọ, Kóòṣì á lọ."

Comfort ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Gbọ́lágadé dúró. Tẹligíráàmù wà lápò rẹ̀. Bó bá dákẹ́ nìkan, ó ti bọ́. Kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ sógun. Kò ní í ṣe nǹkan kan. Ó dákẹ́ débi tó gbọ́ tí àwọn ìṣáwùrú ń gbọ̀n lára òpó. Ó dákẹ́ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, Boma sì rí i pé ó pẹ́.

"Kò sí ogun nínú ọ̀rọ̀ yìí," Gbọ́lágadé wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ àti èmi la jọ ń lọ sí Ìbàdàn. Wàá kàwé, wàá gbá bọ́ọ̀lù."

Comfort gbójú sókè, ẹrọ̀fọ̀ kún irun rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. "Mú un lọ," ó ní. "Lọ́la. Kí n tó yí ọkàn padà."

"Màmá, bí ìdè náà bá já, ṣé kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan?" Gbọ́lágadé béèrè.

"Èmi ti darúgbó," ni ó fi dáhùn.

*

Nùrẹ́nì fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì bá wọn bẹ ọ̀gákọ̀ tuntun kan tí kò mọ ìtàn náà. Boma ló kọ́kọ́ gòkè. Gbọ́lágadé gun mẹ́rin, ó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ooru dé sí àyà, òtútù dé sí orúnkún, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n fẹ́ ya òun sí méjì. Lókè, Boma gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọkọ̀. Ó gbé ti òsì.

Nǹkan kan já. Gbogbo ènìyàn tó wà ní wọ́ọ̀fù ló gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ìbọn ni, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Gbọ́lágadé sáré gun mẹ́wàá tó kù bí ọmọdé.

Láti orí ọkọ̀, wọ́n rí Comfort tó ń fi gèlè rẹ̀ juwọ́. Bí ọkọ̀ ti gbéra, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ lásán. Boma rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Gbọ́lágadé wò ó, kò sì sọ ohun tí òun rò.

Ní Diobu, kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti ṣófo. Ní ilé Nùrẹ́nì, ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

*

Rónkẹ́ kò kú. Ọmọbìnrin ló bí, ó kéré, ohùn rẹ̀ sì le. Boma wọ ilé ìwé, ó wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Kí ọdún tó yí, orúkọ rẹ̀ ti gba ìgboro Ìbàdàn kan. Nínú oṣù kìíní, ogun parí. Ní oṣù kejì, lẹ́tà dé láti ọwọ́ Nùrẹ́nì.

*Kóòṣì, èmi ń kúrò ní Port Harcourt. Mi ò lè sùn nínú ilé kankan níbí mọ́. Màmá Boma ò tíì dìde láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yín gbéra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú, àwọn aládùúgbò ló ń gbé e. Ó ní kí n má kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán ló ń béèrè bóyá Boma ti ń bọ̀.*

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n gbá àṣekágbá láàárín àwọn ilé ìwé gíga. Láìsí Boma, kò sí ẹgbẹ́. Gbọ́lágadé ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án kò pọ̀. Lójoojúmọ́ ni Boma ń kí i, tí ó ń béèrè bóyá ìròyìn dé láti ilé. Lójoojúmọ́ ló ń ní, "Kò tíì dé."

Wọ́n gba ife. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Boma sínú ọ́fíìsì, ó nawọ́ lẹ́tà sí i. Ọmọ náà kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà.

"Kóòṣì, ọjọ́ wo ni lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín?"

Níta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin orúkọ àwọn méjèèjì.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn," Gbọ́lágadé wí.

Boma bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. "Màmá mi ò purọ́ fún yín nígbà tí ẹ bi í," ó ní. Ó sì lọ.

Ó ju ọdún kan lọ kí Gbọ́lágadé tó gbúròó rẹ̀, láti ẹnu ọlọ́pàá kan tó ti Port Harcourt wá fún ìsinmi. Ó ní Boma wà ní Amadi-Ama, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Ó ní ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lórí àga létí pápá, tí á máa bá wọn ka àmì, tí ohùn rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ọlọ́pàá náà béèrè bóyá Kóòṣì kò ní í lọ wò wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti là.

Gbọ́lágadé ní òun ń gbèrò rẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, ó sì tún sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.